Òtútù Ààrẹ Ọládòṣù

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó wọ súwẹ́tà nínú oṣù kẹrin ní Maiduguri, ẹ má bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ẹ bi í pé ipò wo ló ń wá. Ìtàn tó wà níwájú yín yìí kún fún súwẹ́tà, nítorí náà kí ẹni tí ooru tètè ń mú lọ bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó máa kà á lọ.

Olóyè Jayéọlá Ọládòṣù ni Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá, Jiddari Polo àti Agbègbè Rẹ̀. Kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ọ́fíìsì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, tí kò sì yé òun gan-an jù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré o. Ìdí nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jókòó. Olóyè Ọládòṣù a máa fi gbogbo ara jókòó: ikùn á kọ́kọ́ balẹ̀, agbádá á tẹ̀lé e, àgbọ̀n á gbéra sókè, ojú á wá máa wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí owó.

Ẹnu rẹ̀ náà kò kéré. Bí wọ́n bá bu omi fún un mu, kì í dúpẹ́ bí ọmọ aráyé yòókù. Yóò gbé ife sókè, yóò ní, “Mo gba omi yìí lórúkọ gbogbo ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá: àwọn tó ti dé, àwọn tó ń bọ̀, àti àwọn tí ọkọ̀ wọn taku sójú ọ̀nà.” Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó mu ún. Omi tútù a ti di omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ọ̀fun.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nígbà tí ìtàn wa bẹ̀rẹ̀. Sáà rẹ̀ ń parí lọ. Ìdìbò yóò wáyé ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹrin, ó sì fẹ́ padà sórí àga lẹ́ẹ̀kejì. Kì í tilẹ̀ ṣe pé ó fẹ́ wọlé lásán. Ó fẹ́ kí wọ́n bẹ òun, kí òun kọ̀, kí wọ́n tún bẹ òun, kí òun wá gbà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí. Ó ti ń fi ojú ìkọ̀ náà dánra wò nínú dígí.

Àkókò yìí gan-an ni ẹ̀rọ amúlétutù dé.

Dókítà Ìbíyẹmí, tó fi ọdún pípẹ́ ṣiṣẹ́ ìwòsàn ní Maiduguri kó tó kọjá sí òkè òkun, ló fi í ránṣẹ́. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Alágbèéká ni: ó ga dé ìbàdí àgbàlagbà, ó ní táyà wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀, ó sì ní páìpù kan lẹ́yìn tó nípọn tó itan, tó ń ká jọ bí ìfun. Ọ̀rọ̀ tí Dókítà fi tẹ̀lé e kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ó ní ti àwọn ọmọdé ni.

Ẹgbẹ́ ní yàrá kan ní Lamisula, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní gbogbo Sátidé. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Wẹ̀mí ni olùkọ́ wọn. Maiduguri ni wọ́n bí àwọn ọmọ náà sí. Haúsá ni wọ́n fi ń ṣeré, Haúsá ni wọ́n fi ń jà, Haúsá ni wọ́n fi ń lálàá. Ìgbà tí bàbá bá bínú nìkan ni wọ́n ń gbọ́ Yorùbá. Páànù ni òrùlé yàrá náà, kò sì ní àjà. Bó bá ti di oṣù kẹrin, ibẹ̀ a máa yan èèyàn bí àgbàdo. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Wẹ̀mí ti kọ́ wọn, ẹyọ kan ni wọ́n mọ̀ ọ́n pè bí ọmọ Ọ̀yọ́ gidi, “ooru” sì ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ti dà nímú ọmọ kan. Àwọn òbí ti wí fún Wẹ̀mí pé bí nǹkan kò bá yí padà kí oṣù tó parí, àwọn á kó ọmọ àwọn sílé, kí wọ́n ti kíláàsì náà pa.

Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló lọ gba ẹ̀rọ náà ní ibùdókọ̀. Láti ibẹ̀ sí Lamisula kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Ààrẹ mọ̀ jù ni ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ bi í léèrè, ó dìde, ó tún agbádá ṣe lápá ọ̀tún, ó tún un ṣe lápá òsì.

“Ẹ̀rọ yìí àlejò ni,” ó wí. “Kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú yìí. Ṣé ẹ fẹ́ ká mú àlejò ká jù ú sáàárín àwọn ọmọdé? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ àgbà, kó mọ àṣà wa.”

Múrítàlá, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò le ni Múrítàlá. Bí Ààrẹ bá sín, òun ni yóò nu imú. Ó fi kún un pé ní ti òun o, ẹ̀rọ náà ṣì kéré láti máa dá gbé. Báyìí ni jẹnẹrétọ̀ ẹgbẹ́ náà ṣe tẹ̀lé e lọ sílé Ààrẹ, kí àlejò lè ní ẹni tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀.

Gbogbo ẹni tó bá mọ irú ẹ̀rọ yìí ló mọ̀ pé ojú fèrèsé ni páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbà jáde. Ooru tó bá kó nínú yàrá ló ń gba ibẹ̀ tú dànù síta. Wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sára páálí: yàrá, fèrèsé, páìpù, àti ọfà pupa kan tó kọjú síta. Ààrẹ gbé páálí náà, ó wò ó títí, inú sì bí i.

“Ẹ wo ìnákúnàá òyìnbó,” ó wí fún Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. “Kí n tan ẹ̀rọ tán, kí n wá máa fẹ́ òtútù síta fún ewúrẹ́ Jiddari Polo?”

Àwẹ̀ró ní ọfà náà pupa o, bóyá ooru ló ń jáde níbẹ̀.

“Pupa ni àwọ̀ oyè,” Ààrẹ dáhùn, ọ̀rọ̀ sì parí.

Pálọ̀ méjì ló wà nílé náà. Ti inú ni Ààrẹ ń jókòó sí, ó sì ní ilẹ̀kùn kan tó já sí ẹ̀gbẹ́ ilé, tí Ààrẹ ń gbà wọlé jáde kí aṣọ rẹ̀ má baà kan ti àwọn tó wá kí i. Ti ìta ni àwọn tó wá kí i ń dúró sí. Gíláàsì ńlá kan wà lára ògiri tó pààlà méjèèjì, ojú kékeré kan sì wà lára gíláàsì náà tí èèyàn lè fà ṣí láti inú. Ní abẹ́ gíláàsì yìí ni Ààrẹ ní kí bíríkìlà lu ògiri, níbi tí kò ga ju orúnkún lọ, kó sì ki ẹnu páìpù bọ̀ ọ́. Ó tẹ́ rọ́ọ̀gì pupa síwájú ihò náà. Ó yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn tó já láti pálọ̀ kan sí ìkejì kúrò lápá ìta, kí alákọrí kan má baà ṣí i kí òtútù sá lọ. Ó wá pàṣẹ pé orí rọ́ọ̀gì yẹn nìkan ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ máa kí òun: kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí obìnrin kúnlẹ̀ kó tẹrí ba.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, ó kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ sí pálọ̀ ìta, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ láti ojú gíláàsì.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn olórí mìíràn a máa fẹ́ òtútù wọn dànù. Èmi kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti na páìpù láti inú ìtura mi wọ inú ìnira yín. Bí ara bá ṣe ń tù mí tó, bẹ́ẹ̀ ni ara yóò máa tù yín tó.”

Ó tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ hó. Nínú lọ́hùn-ún, òtútù balẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ìrì òwúrọ̀. Ní ti pálọ̀ ìta, ẹ̀yin òǹkàwé náà ẹ wo àwòrán ọfà pupa yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Múrítàlá ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ẹnu páìpù. Atẹ́gùn tó jáde níbẹ̀ dà bí èyí tí ń ti inú ààrò búrẹ́dì jáde. Irùnmú rẹ̀ ká kò. Ààrẹ fa ojú gíláàsì ṣí díẹ̀, ó bi í bóyá ó ń gbádùn rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ìlú ì bá ti bọ́, bí akọ̀wé bá ti sọ òótọ́ tí kò gùn ju ìka lọ. Ṣùgbọ́n ipò akápò ló wà lójú Múrítàlá fún sáà tó ń bọ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ní, “Ààrẹ, òtútù yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín in kù díẹ̀, ara àwa mẹ̀kúnnù kò gbà á.”

Ààrẹ rẹ́rìn-ín, ó fún ẹ̀rọ náà ní agbára sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Múrítàlá wọ súwẹ́tà wá. Ọkùnrin kan tó ń ta páànù ní agbègbè Post Office rí i, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ gba iwájú òun. Ó padà wá pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì ọyẹ́, ìbọ̀sẹ̀ onírun, àti fìlà tó bo etí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, kò sí ẹni tó ń wá nǹkan lọ́dọ̀ Ààrẹ tó tún wá pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́. Onísúwẹ́tà òkìrìkà tó wà létí ọjà kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó rò pé ayé ti fẹ́ parí, ó sì fowó lé ọjà rẹ̀. Nínú pálọ̀ ìta, wọ́n á jókòó ti ara wọn bí iṣu inú ìkòkò, wọ́n á máa fi eyín kan eyín bí ẹni tí òtútù ń gbọ̀n, òógùn á sì máa ṣàn láti orí wọn wọ bàtà.

“Òtútù yìí mà pọ̀ o,” ẹni kan á wí.

“Ó fẹ́ẹ̀ wọ egungun,” èkejì á dáhùn, á sì fún etí súwẹ́tà rẹ̀ bí ẹni fún aṣọ tí wọ́n fọ̀.

Láti ẹ̀yìn gíláàsì, Ààrẹ rí i pé gbogbo ẹni tó bá gbórí sókè lórí rọ́ọ̀gì ni omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó.

“Omijé ayọ̀ nìyẹn, Àwẹ̀ró. Mi ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi tó báyìí.”

“Bàbá Pamílẹ́rìn, òógùn ni.”

“Ìwọ ò mọ bí ìfẹ́ ará ìlú ṣe ń rí.”

Àwẹ̀ró kò bá a jiyàn. Obìnrin tó bá ti gbé pẹ̀lú irú ọkọ yìí pẹ́ a máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń tán. Ó lọ rẹ́ ilá sínú àtẹ, ó gbé e síwájú ẹnu páìpù lẹ́yìn tí àwọn tó wá kí Ààrẹ ti lọ. Ilá tí í lo ọjọ́ mélòó kan nínú oòrùn gbẹ pátápátá kí ó tó sá aṣọ tán lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó yá, ó gbé aṣọ náà wọlé, ìyẹn náà gbẹ. Lálẹ́, Ààrẹ jẹ ọbẹ̀ orúnlá, ó lá ọwọ́, ó bèèrè ibi tí wọ́n ti ra irú orúnlá àtàtà bẹ́ẹ̀.

“Inú òtútù yín ló ti gbẹ,” ìyàwó rẹ̀ wí.

Ààrẹ ní òun mọ̀. Ó ní òtútù a máa tọ́jú oúnjẹ.

Láàárín àkókò yìí ni Wẹ̀mí wá láti Lamisula, pẹ̀lú káákì àgùnbánirọ̀ rẹ̀ àti ìwé tí àwọn ọmọ ya àwòrán oòrùn sí. Ó kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì bí àṣẹ ti wí. Ooru páìpù lù ú lójú, ṣùgbọ́n ó fara dà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: oṣù ń parí lọ, àwọn òbí ti fẹ́ kó ọmọ wọn lọ, Dókítà sì ti ní ti àwọn ọmọ náà ni. Ó rojọ́ kalẹ̀, ó rojọ́ sókè. Ààrẹ kò fa ojú gíláàsì ṣí, kí òtútù má baà sá. Ariwo ẹ̀rọ kò sì jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu tó ń mì lọ mì bọ̀ ló rí, àti omi tó ń ṣàn lójú. Nígbà tó rò pé ó tó, ó ṣí ojú gíláàsì fẹ́ẹ́rẹ́.

“Mo ti gbọ́ ìdúpẹ́ yín, ọmọ mi,” ó wí. “Ẹ kí àwọn ọmọ,” ó sì tì í pa.

Ẹ̀yìnkùlé ni Àwẹ̀ró ti bá Wẹ̀mí, lábẹ́ igi dógóyárò, tó ń nujú. Ó fún un ní sobo tútù, ó sì gbọ́ gbogbo ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Àìkú ni ìdìbò,” ó wí. “Kó àwọn ọmọ náà wá kí Ààrẹ. Gbogbo wọn.”

“Nínú ooru yẹn, mà?”

“Èmi á wà lábẹ́ igi yìí.”

Bí ọjọ́ ìdìbò ti ń sún mọ́, Ààrẹ tún pàṣẹ mìíràn. Gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ti máa ń dìbò, ṣùgbọ́n ó ní gbọ̀ngàn náà kò ní òtútù tó yẹ ipò òun. Ilé òun ni wọ́n á ti dìbò. Àwọn àgbà márùn-ún tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ wọn yóò jókòó pẹ̀lú òun nínú pálọ̀ inú, àwọn yòókù yóò wà ní pálọ̀ ìta, “nínú ìpín òtútù tiwọn.” Bí àwọn àgbà bá ti gbà pé kó padà, kí Múrítàlá kígbe ní pálọ̀ ìta, kí ìta sì dáhùn. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Oòrùn yọ pẹ̀lú ìbínú. Àwọn àgbà márùn-ún gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, wọ́n wọ léèsì funfun tó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin, wọ́n dé fìlà abetí-ajá. Bàbá Habeebullah ló ṣíwájú wọn. Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà tó wá sí Maiduguri láti ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́; ní báyìí, kò sí irun dúdú kan lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń jiyàn tó bá ti sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó. Ẹ̀rọ hó. Ààrẹ tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó le jù, nítorí ọjọ́ ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí i. Nígbà tó fi máa dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìmí Bàbá Habeebullah ti ń rú èéfín. Ó sọ bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ràn òun tó, ó ní tí òun bá wò wọ́n láti ojú gíláàsì, omijé ayọ̀ ni òun ń rí. Bàbá gbé agbádá bo àyà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ara: ohun kan wà tí òtútù máa ń ṣe fún arúgbó tí kì í ṣe fún ọ̀dọ́. Bàbá fún ẹsẹ̀ pọ̀. Ó tú u. Ó tún fún un pọ̀.

“Ààrẹ, ẹ forí jì mí,” ó wí. “Mo fẹ́ yà sí ẹ̀yìnkùlé.”

Ó yọ fìlà rẹ̀, ó fi í sórí àga, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí àgbà bá fi fìlà sórí àga, òun ló ṣì jókòó níbẹ̀. Kò pẹ́, àgbà kejì tẹ̀lé e, ó fi fìlà sílẹ̀. Àgbà kẹta kò tilẹ̀ lè parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kó tó sáré. Kí Ààrẹ tó dé ọdún tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ọba, òun àti fìlà márùn-ún ló kù nínú pálọ̀.

Ó kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì, kò sì dá ọ̀rọ̀ dúró. Atẹ́gùn ẹ̀rọ ń fẹ́ lu àwọn fìlà náà, etí wọn sì ń lọ sókè sódò, sókè sódò, bí ẹni tó ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ààrẹ kò tíì rí àwùjọ tó gbọ́ràn tó báyìí láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó dárúkọ gbogbo àga tó ti jókòó lé rí.

Ní pálọ̀ ìta ńkọ́? Wẹ̀mí ti kó àwọn ọmọ Lamisula dé. Wọ́n tò wọ́n sáàárín àwọn onísúwẹ́tà. Àwọn ọmọ náà fara dà á fún ìwọ̀nba tí ọmọdé lè fara dà nǹkan. Ọ̀kan ní, “Malama, zafi,” ìyẹn ni pé, olùkọ́, ooru ń mú òun. Àwọn yòókù sì rántí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó dá wọn lójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe “ooru, ooru” bí ẹni kọrin, wọ́n sì tú jáde lọ sábẹ́ dógóyárò. Àwọn ìyá ní kí àwọn lọ mú ọmọ wá. Ìyá tó bá lọ kò padà. Àwọn ọkọ lọ wo ìyàwó. Àwọn onísúwẹ́tà wo ara wọn lójú, wọ́n bọ́ súwẹ́tà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rìn bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń rìn. Múrítàlá ló kẹ́yìn. Kò bọ́ tirẹ̀.

Lábẹ́ igi, Àwẹ̀ró ń bu sobo oníyìnyín fún gbogbo ẹni tó bá dé. Bàbá Habeebullah ti ilé ìtọ̀ bọ̀, ó ń di sòkòtò, ó bá gbogbo ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ó bèèrè ìdí tí wọ́n fi kúrò ní pálọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí ahọ́n rẹ̀ kò tíì bọ́ nínú àṣà, ní òtútù ibẹ̀ pọ̀ jù ni. Bàbá gbéra. Ó lọ sí pálọ̀ ìta, ó dúró lórí rọ́ọ̀gì pupa, ó na ọwọ́ sí ẹnu páìpù, ó sì yára fà á padà. Ó pa dà wá, ó gba ife sobo, ó mu ún tán.

“Ta ló sọ fún Jayéọlá pé ibẹ̀ yẹn tutù?”

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ẹni tó ń ta páànù ń wo súwẹ́tà Múrítàlá.

“Ó dáa,” Bàbá wí. “Gbogbo yín ni.”

Ó ní ta ló ni ẹ̀rọ náà gan-an. Wẹ̀mí dìde, ó sọ ohun tó ti sọ fún gíláàsì, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n fẹ́ ti kíláàsì pa, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Àwọn àgbà mẹ́rin yòókù ti dé, ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru. Bàbá Habeebullah ní ọjọ́ ìdìbò ni òní, òun kò sì rí ìdí tí wọ́n fi ní láti dì í nínú ààrò. Ó bèèrè ẹni tó fún wọn lómi mu láti òwúrọ̀. Wọ́n tọ́ka sí Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun ní ọbẹ̀ lórí iná.

“Sáà kan péré ni,” Bàbá wí. “Kò ní jó.”

Ọwọ́ tí wọ́n nà sókè lábẹ́ dógóyárò kò ṣe é ṣì kà. Ti Múrítàlá ló kọ́kọ́ gbéra, apá súwẹ́tà rẹ̀ sì ń kán omi.

Inú lọ́hùn-ún, Ààrẹ ti dé ìparí. Ó bi àwọn fìlà pé ṣé ẹnikẹ́ni lòdì sí i. Kò sí fìlà tó lòdì. Ó fi ojú ìkọ̀ tó ti ń dánra wò hàn wọ́n, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn fìlà sì bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú etí. Ó gbà. Ó dúró de igbe Múrítàlá, kò gbọ́ ọ. Ó ní bóyá ariwo ẹ̀rọ ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dé, ó ṣí ilẹ̀kùn tó já sí pálọ̀ ìta nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè gbé e sókè.

Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ènìyàn kan. Súwẹ́tà ló kún ilẹ̀. Kí ó tó mọ̀, òógùn ti bo iwájú rẹ̀. Ó yí pa dà láti wọlé, ọwọ́ rẹ̀ wá ọwọ́ ilẹ̀kùn kiri lára pákó tó ń dán, kò rí i. Ẹ̀yin náà rántí ẹni tó yọ ọ́.

Lẹ́yìn gíláàsì, àwọn àgbà ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé láti wá mú fìlà wọn. Àga tó sún mọ́ gíláàsì jù ni ti Ààrẹ. Ibẹ̀ ni Bàbá Habeebullah fìdí lé kó lè sinmi ẹsẹ̀. Ó rí Ààrẹ ní ìta. Ó fa ojú gíláàsì ṣí díẹ̀, ó sọ ohun tí ẹgbẹ́ ṣe fún un.

“Bàbá, ṣebí ẹ̀yin àgbà ti gbà?” Ààrẹ wí. “Mo bi fìlà yín. Wọ́n mi orí.”

“Ààrẹ àwọn fìlà ni yín nìyẹn,” Bàbá dáhùn. “Àwa èèyàn ti mú Àwẹ̀ró.”

Ìgbéraga lè pẹ́ lára ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí a ń ṣe bí a bá fẹ́ bẹ àgbà. Olóyè Ọládòṣù ká agbádá. Ó wo rọ́ọ̀gì pupa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, ojú kọ ògiri, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti pa á láṣẹ.

Ẹnu páìpù bá a sọ̀rọ̀.

Ó pa ojú dé. Ó ṣí i. Ó gbé orí sọ́tùn-ún, ooru tẹ̀ lé e. Ó gbé e sósì.

“Bàbá,” ó wí jẹ́ẹ́, “kí ló ń gbóná tó báyìí?”

“Òtútù yín ni, Olóyè.”

Bàbá rọra ti ojú gíláàsì, kí òtútù má baà sá. Ó wo ọkùnrin tó wà lórí rọ́ọ̀gì, bí omi ti ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, ó wá yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

“Ẹ wò ó,” ó wí, ó ń dé fìlà. “Omijé ayọ̀.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí ẹ̀rọ náà lọ sí Lamisula pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Wẹ̀mí ki páìpù bọ ojú fèrèsé, ó kọ ẹnu rẹ̀ síta bí ọfà pupa ti wí. Kíláàsì kò tì. Àwọn ọmọ ti mọ ọ̀rọ̀ kejì báyìí, “òtútù” ni, wọ́n sì ń pè é dáadáa. Ewúrẹ́ kan kọjá lábẹ́ fèrèsé, ó gbé imú sí ẹnu páìpù, ó sì yí ọ̀nà pa dà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò wá ipò kankan.

Ní Jiddari Polo, ohun kan ni kò yí padà: ilé Ààrẹ ṣì ni ilé náà. Àlejò á kan ilẹ̀kùn, á bèèrè bóyá Ààrẹ wà nílé. Olóyè Ọládòṣù yóò fi gbogbo ara dìde, ikùn á gbéra, agbádá á tẹ̀lé e.

“Wọ́n wà lábẹ́ igi,” ni yóò wí. “Ẹ bọ́ súwẹ́tà yín kí ẹ tó lọ bá wọn.”